Ọ̀nà Wo Ni Íntánẹ́ẹ̀tì Ń Gbà Wọ Ilé?

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ, igbe kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ: "Wifi ti lọ!" Ẹ̀kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń wò lórí fóònù á dúró. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ní Libreville á já sí méjì. Bàbá á dìde, á yọ okùn iná àpótí kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n, á tún un fi bọ̀ ọ́. Bí nǹkan kò bá yí padà, á pe ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣooṣù. Ẹni tí ó gbé ìpè náà á bi í pé: "Bàbá, irú ìsopọ̀ wo ni ẹ ní nílé? Ṣé fibre ni, àbí box oní-puce?" Bàbá á dáhùn pé: "Wifi ni." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti dàrú.

Bàbá náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bi ènìyàn léèrè ibi tí omi ilé rẹ̀ ti ń wá, tí ó sì dáhùn pé inú igbá ni. Omi inú igbá lè jẹ́ omi kànga, ó lè jẹ́ omi odò, ó lè jẹ́ omi òjò, ó sì lè jẹ́ omi ẹ̀rọ SONEB. Igbá kì í sọ ibi tí omi ti wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wifi rí. Wifi ni ìgbì tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti inú àpótí dé orí fóònù, láti yàrá kan dé yàrá kejì. Inú ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Ibi tí àpótí fúnra rẹ̀ ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì gbà ni ohun tí ilé-iṣẹ́ ń béèrè.

Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ń ra aṣọ nínú òkùnkùn. Ó lè sanwó ohun tí wọn kò fún un. Ó lè máa bínú sí ẹni tí kò jẹ̀bi. Ó lè fara da ìyà tí ó ní oògùn. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo onílé mọ orúkọ ìsopọ̀ tirẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń tà á sọ orúkọ náà fún oníbàárà ní èdè tí ó gbọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú lásán sì tó láti mọ èyí.

Ọ̀nà márùn-ún ni íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbà wọ ilé.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn ni okùn tẹlifóònù. Wáyà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ó ti ń gbé ohùn ènìyàn kí fóònù alágbèéká tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bá gba inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ADSL. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́. Orí rẹ̀ jẹ́ ike kékeré tí ó ń wọ inú ihò tẹlifóònù lára ògiri. Bí ilé bá ṣe jìnnà sí ibùdó tẹlifóònù tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 5, díẹ̀ ni ó máa ń kù. Omi òjò tí ó bá wọ ojú ibi tí wọ́n ti so okùn pọ̀ ń bà á jẹ́, àwọn olè sì ń gé e nítorí bàbà. Ilé tí ó ń lò ó kò pọ̀ mọ́.

Èkejì ni fibre. Dígí ni wọ́n fi ṣe okùn yìí, kì í ṣe irin. Fọ́nrán dígí náà kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà kan lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀, ó sì ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òjò kì í dí i lọ́wọ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkọ́ àti katakata àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti ṣe ọ̀nà, àti ẹni tí ó bá ká a bí okùn ewúrẹ́, nítorí pé dígí tí wọ́n bá tẹ̀ jù á ṣẹ́. Níbi tí fibre bá ti wọ ilé, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti ìta wá, á sábà gba inú àpótí pẹlẹbẹ kékeré kan lára ògiri, á sì wọ inú àpótí tí ó ní iná. Lára àwọn iná náà, wọ́n sábà máa ń kọ PON sí abẹ́ ọ̀kan, wọ́n á sì kọ LOS sí abẹ́ òmíràn. Bí iná PON bá dúró ṣinṣin láìṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Bí iná LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ojú sí ẹnu okùn fibre tí ó já: ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ojú léṣe.

Ẹ̀kẹta ni box oní-puce, èyí tí ó wọ́pọ̀ gan-an. Àpótí yìí kò nílò okùn kankan láti ìta, àfi ti iná mànàmáná. Puce wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú fóònù, òpó onírin tí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Lára rẹ̀ ni onílé á ti rí 4G, LTE tàbí 5G, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá kéékèèké tí ń fi agbára réseau hàn. Ènìyàn lè rà á lónìí, kí ó lò ó lónìí, kí ó sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó ń pín òpó kan náà lò. Ní aago 8 alẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti ti ọjà dé, íntánẹ́ẹ̀tì á máa rìn bí ọkọ̀ tí ó kó sáàárín èrò. Ẹni tí ó bá ń fi fóònù rẹ̀ pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará ilé, ọ̀nà kẹta yìí kan náà ni ó wà.

Ẹ̀kẹrin ni pátákó orí òrùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbé àwo tàbí pátákó kékeré kan sórí òrùlé tàbí sórí ọ̀pá, wọ́n á sì kọ ojú rẹ̀ sí òpó kan ní ọ̀kánkán. Okùn kan á sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ wọ inú ilé. Òpó àti pátákó gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn. Bí igi máńgòrò bá dàgbà sí àárín wọn, tàbí bí aládùúgbò bá fi àjà kan kún ilé rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì á rẹ̀wẹ̀sì. Ìjì tí ó bá yí ojú pátákó padà díẹ̀ lè gé e pátápátá.

Ẹ̀karùn-ún ni sátẹ́láìtì. Àwo tirẹ̀ kì í wo òpó. Ojú ọ̀run ni ó ń wò. Àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní òkè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sí ilẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó lọ, kí èsì rẹ̀ tó dé, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá á ti kọjá. Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2023, súnmọ́ ilẹ̀ gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bíi kìlómítà 550 ni. Sátẹ́láìtì lè dé abúlé tí òpó kò dé. Ṣùgbọ́n òjò ńlá àti ẹ̀ka igi ń dí i lọ́wọ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mú fún àwo tẹlifísọ̀n tí ó kún orí òrùlé káàkiri. Àwo tẹlifísọ̀n ń gba àwòrán ni, kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ padà.

Báwo wá ni onílé ṣe lè mọ tirẹ̀? Ohun mẹ́ta ni kí ó wò.

Kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn àpótí. Kí ó fi okùn iná mànàmáná sílẹ̀, kí ó sì wá okùn mìíràn. Bí kò bá sí òmíràn tí ó ti ìta wá, box oní-puce ni. Bí òmíràn bá wà, kí ó fi ojú tẹ̀lé e títí dé ìta. Okùn kúkúrú tí ó so àpótí méjì pọ̀ nínú yàrá kò tíì fi ọ̀nà hàn. Kí ó tẹ̀síwájú. Bí ó bá já sí ihò tẹlifóònù, ADSL ni. Bí ó bá já sí àpótí pẹlẹbẹ tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìta wọ̀, fibre ni. Bí ó bá gun òkè lọ sí òrùlé, kí ó dúró nílẹ̀ kí ó wo ibi tí àwo kọjú sí: bí òpó kan bá wà ní ọ̀kánkán rẹ̀, ọ̀nà kẹrin ni, bí ó bá kọjú sí òkè, sátẹ́láìtì ni. Kò sí ìdí láti gun òrùlé nítorí èyí.

Lẹ́yìn náà, kí ó yí àpótí padà, kí ó ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí IMEI níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó ní àmì 15, àpótí náà ní ààyè puce. Bí ó bá rí ONT tàbí GPON, ti fibre ni. Bí ó bá rí ADSL tàbí VDSL, okùn tẹlifóònù ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ̀kẹta, kí ó mú ìwé owó, èyí tí wọ́n ń pè ní facture, kí ó wá orúkọ ohun tí ó ń san owó rẹ̀. "Fibre" tàbí "FTTH" jẹ́ ọ̀kan. "Box 4G" jẹ́ ọ̀kan. "Satellite" tàbí "VSAT" jẹ́ òmíràn. Bí ohun tí ó wà lórí ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn àpótí, ó ti rí ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ náà.

Àwọn kan kò ní àpótí rárá. Ayálégbé lè máa sanwó wifi fún onílé. Ọ̀dọ́ lè máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí ó ní "Wifi Zone" ní àdúgbò. Àwọn wọ̀nyí náà wà lórí ọ̀kan nínú ọ̀nà márùn-ún. Ẹlòmíràn ni ó kàn gbà á tí ó sì ń pín in. Kí wọ́n bi ẹni tí ó ń gba owó wọn léèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Àǹfààní ìmọ̀ yìí kò pẹ́ kí ó tó hàn. Nígbà tí ìsopọ̀ bá já, ẹni tí ó lè sọ lórí fóònù pé "Fibre ni mo ní, iná LOS sì ti pọ́n láti àárọ̀" kò ní fi kírédíìtì ṣòfò. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ á mọ̀ pé títan àti pípa àpótí kò lè wo àìsàn náà. Òṣìṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé box oní-puce ni òun ní lè gbé e kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó sì rí i pé ọ̀pá réseau ti kúrò ní ọ̀kan, ó ti di mẹ́ta. Ẹni tí pátákó wà lórí òrùlé rẹ̀ á kọ́kọ́ wo igi máńgòrò. Gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ rántí pé bí iná SBEE bá lọ, àpótí á kú, irú yòówù kí ó jẹ́, àfi bí bátìrì kan bá wà tí ó lè gbé e ró.

Àǹfààní kejì wà nínú àpò. Ọ̀rọ̀ náà "illimité" máa ń dùn létí, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké, wọ́n lè kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá ti lo ìwọ̀n gíga báyìí, ìyára á dín kù. Kí olùrà ka ibẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Kí ó tún kíyè sí ìwọ̀n. Mégabit ni àwọn olùtajà fi ń sọ ìyára, mégaoctet ni wọ́n sì fi ń wọn ìtóbi fídíò. Bit 8 ni ó wà nínú octet kan. Ẹni tí wọ́n bá ta mégabit 20 fún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mégaoctet 2.5 ni ó lè wọlé fún un ní ìṣẹ́jú àáyá náà. Fídíò tí ó tó mégaoctet 100 á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, nǹkan kan kò tọ́.

Àǹfààní kẹta ni kí ènìyàn mọ ìgbà tí àìsàn kò sí nílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn okùn ńlá tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ ní etí òkun Abidjan. SAT-3 àti ACE, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Kútọnu, wà lára wọn. Ní ọjọ́ yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì rọ jọwọrọ ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní etí òkun. Ẹni tí ó wo àpótí rẹ̀, tí ó rí i pé PON dúró ṣinṣin, tí LOS kò pọ́n, mọ̀ pé okùn ilé òun kò já. Ó lè fi ọkàn balẹ̀ dúró. Ẹni tí kò mọ̀ lè pe oníṣẹ́ ọwọ́ wá, kí ó sì sanwó iṣẹ́ tí kò sí.

Ẹrù yìí kò yẹ kí ó wà lórí oníbàárà nìkan. Àwọn kan á sọ pé kò kan oníbàárà: kí ó sanwó, kí ó lo ohun tí ó rí, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́. Ìyá tí ó ń ta gàrí ní ọjà kì í bínú bí oníbàárà bá bi í bóyá gàrí Savalou ni tàbí ti ibòmíràn. Ó á bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí ó tọ́ ọ wò. Kò sí ìdí tí ẹni tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi gbọ́dọ̀ ṣe kéré sí ìyá olóògàrí.

Orúkọ fibre ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù. Ó ti di orúkọ tí ó ń tajà. Okùn fibre lè dé ẹsẹ̀ òpó, kí ìgbì sì gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó wọ inú box oní-puce. Olùtajà tí ó bá pe èyí ní fibre ti sọ ìdajì òtítọ́. Ohun tí ó wọ ilé ni oníbàárà ń sanwó rẹ̀. Ọ̀dà tí ó dé ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n dà sínú àgbàlá.

Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ kọ irú ìsopọ̀ náà sórí facture ní lẹ́tà ńlá. Kí ẹni tí ó wá so ó mọ́ ilé fi han onílé, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ní Gùn, ní Fọ̀n tàbí ní èdè yòówù tí onílé gbọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń sanwó ni ó gbọ́ Faransé. Kí wọ́n sọ ohun tí ìsopọ̀ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe kí wọ́n tó gba owó àkọ́kọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, àjọ ARCEP ni ó ń ṣe àmójútó àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Ní Tógò, àjọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá ti bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìrí ojútùú lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó ní orúkọ ni ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Wifi mi kò dára" kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. "Fibre ni wọ́n kọ sórí ìwé mi, box oní-puce ni wọ́n gbé wá" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ rí èsì.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ti jókòó ní kíláàsì alẹ́ láti kọ́ bí wọ́n ti ń kàwé. Wọ́n kọ́ ọ kí ẹlòmíràn má baà máa ka lẹ́tà wọn fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí, kí oògùn ọmọ má baà ṣì wọ́n lọ́wọ́. Ìwé pélébé tí ó wà lábẹ́ àpótí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ìmọ̀ yẹn wà fún. Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀ láti wá. Ẹni tí ó bá yí àpótí rẹ̀ padà lálẹ́ òní, tí ó kà á, tí ó sì kọ orúkọ ìsopọ̀ náà sí ara ògiri tàbí sí ẹ̀yìn facture, kò ní dáhùn "Wifi ni" mọ́ nígbà tí wọ́n bá tún bi í.